Bọ́ọ̀sì Alágbára Méjì: Bí Ohun Tí Wọ́n Kọ̀ Sílẹ̀ Ní Peckham Ṣe Padà Wá sí Ìgboro Lọ́ńdọ̀nù



Ní àìpẹ́ yìí, ọ̀kan nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa àtijọ́ tí ó ń gbé ní Lọ́ńdọ̀nù wá sílé, ó sì yà kí wa ní ilé-kéwú. Àwọn ọmọ yí i ká, wọ́n ní kí ó ròyìn ìlú òyìnbó fún àwọn. Ó ròyìn òtútù, ó ròyìn rélùwéè abẹ́ ilẹ̀, ṣùgbọ́n ohun tí ó pa wọ́n lẹ́rìn-ín jù ni ìròyìn bọ́ọ̀sì. Ó ní nígbà tí òun kọ́kọ́ dé àdúgbò Peckham, òun wọ bọ́ọ̀sì pupa onípẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan. Bí bọ́ọ̀sì náà ti dúró ní ibùdókọ̀, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ dákẹ́ rọ́rọ́. Òun rò pé ọkọ̀ ti kú, òun sì ti dìde kí òun sọ̀ kalẹ̀ láti bá wọn tì í. Kí òun tó dé ẹnu ọ̀nà, bọ́ọ̀sì ti gbéra nílẹ̀ jẹ́jẹ́, bí ẹni pé wọ́n fi okùn fà á. Ìgbà tí ó rìn díẹ̀ ni òun tó tún gbọ́ ohùn ẹ́ńjìnnì dísẹ́ẹ̀lì. Wọ́n wá là á yé òun pé iná mọ̀nàmọ́ná ni ó gbé ọkọ̀ náà kúrò lójú kan, pé agbára méjì ni ó ń lò.

Nígbà tí ẹ̀rín rọlẹ̀, ọmọkùnrin kan nínú wọn sọ pé: "Àáfà, àwọn òyìnbó òde òní mà gbọ́n ju àwọn bàbá wọn lọ o! Àwọn ti àtijọ́ kò lè ronú kan irú èyí láé." A ní kí ó rọra. Yorùbá bọ̀, wọ́n ní bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Bọ́ọ̀sì tí ó ń lo ẹ́ńjìnnì pọ̀ mọ́ iná mọ̀nàmọ́ná ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún láyé. Kódà, ní Peckham yìí kan náà tí arákùnrin wa ti rò pé ọkọ̀ kú, ni ilé-iṣẹ́ tí ó sọ irú rẹ̀ di ọkọ̀ ojoojúmọ́ fún àwọn ará Lọ́ńdọ̀nù fìdí kalẹ̀ sí.

Ìdí nìyí tí a fi jókòó láti kọ ìtàn yìí. A kò kọ ọ́ nítorí kí a lè mọ orúkọ ọkọ̀ nìkan. Ohun tí a fẹ́ kí àwọn ọ̀dọ́ wa mú níbẹ̀ ni ìdí tí àwọn ènìyàn fi ní ohun dáradára lọ́wọ́, tí wọ́n lò ó, tí wọ́n kọ̀ ọ́ sílẹ̀, tí ó sì wá jẹ́ pé lẹ́yìn ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọdún ni wọ́n tún padà lọ wá a.

Ìgbà Ẹṣin

Ẹṣin ni ó kọ́kọ́ fa bọ́ọ̀sì ní Lọ́ńdọ̀nù. Ní ọjọ́ kẹrin oṣù keje ọdún 1829, George Shillibeer gbé ọkọ̀ gígùn kan tí ẹṣin mẹ́ta ń fà sójú ọ̀nà láti Paddington lọ sí Bank. Ní ọdún 1847, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ń jẹ́ Thomas Tilling ra ẹṣin kan ṣoṣo, ó sì fi bẹ̀rẹ̀ òwò ní Walworth, ní apá gúúsù Lọ́ńdọ̀nù. Nígbà tí ó fi di ọdún 1850, ó ti ní bọ́ọ̀sì tirẹ̀ tí ó ń kó èrò láti Peckham lọ sí àárín ìlú. Ohun tí àwọn èrò fi fẹ́ràn rẹ̀ ni pé àkókò tí ó bá dá ni ọkọ̀ rẹ̀ ń gbéra; kì í dúró kiri láti máa pe èrò bí àwọn yòókù ti ń ṣe. Nígbà tí Tilling fi kú ní ọdún 1893, ẹṣin kan ṣoṣo yẹn ti di ẹgbẹẹgbẹ̀rún ẹṣin, àwọn ọmọ rẹ̀ ni wọ́n sì jogún òwò náà.

Ṣùgbọ́n ẹṣin ní ìnáwó tirẹ̀. Ó ń jẹun ní ọjọ́ tí ó bá ṣiṣẹ́, ó sì ń jẹun ní ọjọ́ tí kò ṣe nǹkan kan. Ẹṣin méjì péré kò tó láti fa bọ́ọ̀sì kan láti àárọ̀ di alẹ́. Bí ó bá ti rẹ méjì, wọn a tú wọn, wọn a so méjì mìíràn mọ́ ọn. Nípa bẹ́ẹ̀, ẹṣin bíi mẹ́wàá ni wọ́n ń bọ́ nítorí bọ́ọ̀sì kan. Ìgbẹ́ wọn sì kún gbogbo ìgboro. Nítorí náà, nígbà tí bọ́ọ̀sì elẹ́ńjìnnì dé ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún, gbogbo oníbọ́ọ̀sì ni ó yíjú sí i. Ilé-iṣẹ́ bọ́ọ̀sì tí ó tóbi jù ní ìlú náà gbé bọ́ọ̀sì kan tí wọ́n ń pè ní B-type jáde ní ọdún 1910. Kí oṣù kẹwàá ọdún 1911 tó parí, ilé-iṣẹ́ náà ti fi bọ́ọ̀sì ẹlẹ́ṣin sílẹ̀ pátápátá.

Ìyọnu Jíà

Ìbéèrè kan wá kù: ta ni yóò máa wa ọkọ̀ tuntun yìí? Àwọn tí wọ́n mọ ọ̀nà, tí wọ́n mọ èrò, tí wọ́n sì mọ bí a ti ń rìn láàrin ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ni àwọn tí ń da ẹṣin. Ṣùgbọ́n jíà ayé ìgbà náà kì í ṣe irú èyí tí a mọ̀ lónìí. Bí dírẹ́bà kò bá mọ ìwọ̀n eré ẹ́ńjìnnì kí ó tó ti jíà bọ ibi tí ó fẹ́, eyín irin a máa lọ ara wọn, ariwo rẹ̀ a gba àdúgbò kan, jíà a sì bàjẹ́. Ẹni tí ó ti fi ogún ọdún di ìjánu ẹṣin mú, tí ó sì jẹ́ ọ̀gá nídìí iṣẹ́ rẹ̀, wá dà bí ọmọ tí kò tíì dá álífù mọ̀.

Ọ̀nà kan wà tí a lè gbà yanjú irú ọ̀rọ̀ yìí: kí a lé ẹni àtijọ́ lọ, kí a mú ẹni tuntun wá. Ilé-iṣẹ́ Tilling gba ọ̀nà mìíràn. Percy Frost-Smith, onímọ̀ ẹ̀rọ ilé-iṣẹ́ náà, àti W. A. Stevens, oníṣẹ́ ẹ̀rọ kan ní ìlú Maidstone, yọ jíà kúrò nínú ọkọ̀. Ní ọdún 1911 ni bọ́ọ̀sì tí wọ́n pè ní TTA1 jáde.

Kò ṣòro láti mọ bí ó ti ń ṣiṣẹ́. Ẹ ronú jẹnẹrétọ̀ tí a máa ń tàn sẹ́yìn ilé nígbà tí wọ́n bá mú iná lọ. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kì í fa ohunkóhun rìn; iná ni ó ń mú wá, iná náà ni ó sì ń yí fáànù nínú yàrá. Ẹ wá gbé jẹnẹrétọ̀ náà sínú bọ́ọ̀sì, kí ẹ sì fi ẹ̀rọ oníná tí ń yí táyà rọ́pò fáànù. Òun náà nìyẹn. Ẹ́ńjìnnì ń yí jẹnẹrétọ̀, jẹnẹrétọ̀ ń fún ẹ̀rọ oníná ní agbára, ẹ̀rọ oníná sì ń yí táyà ẹ̀yìn. Kò sí jíà láàrin wọn rárá. Ẹni tí ó ń da ẹṣin ní àná lè kọ́ bí a ti ń wà á láìpẹ́, kí oúnjẹ òun àti ti àwọn ọmọ rẹ̀ má sì bọ́.

Kí a má ṣi ara wa lọ́nà, bọ́ọ̀sì yẹn kò rí bákan náà pẹ̀lú èyí tí arákùnrin wa wọ̀. Epo bẹntiróò ni ó ń lò, kì í ṣe dísẹ́ẹ̀lì, kò sì ní bátìrì tí ó lè fi agbára pamọ́ di ìgbà mìíràn. Ṣùgbọ́n ìdílé kan náà ni wọ́n. Ti ọdún 1911 ni bàbá ńlá, ti òde òní ni ọmọ ọmọ.

Ní ọjọ́ kẹrin oṣù kẹjọ ọdún 1914, ilé-iṣẹ́ Tilling gbé bọ́ọ̀sì ẹlẹ́ṣin rẹ̀ ìkẹyìn sójú ọ̀nà láàrin Peckham àti Honor Oak, òun ni ó sì gbẹ̀yìn ní gbogbo Lọ́ńdọ̀nù. Ọjọ́ náà gan-an ni ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kéde ogun sí Jámánì. Ogun náà tún fi àǹfààní mìíràn hàn nínú ọkọ̀ alágbára méjì: àwọn ọmọ ogun lo ọkọ̀ akẹ́rù irú rẹ̀ láti tan iná ńlá tí wọ́n fi ń wá ọkọ̀ òfuurufú ọ̀tá lójú ọ̀run lóru, nítorí pé ọkọ̀ náà ti gbé jẹnẹrétọ̀ tirẹ̀ dání.

Kí Ló Dé Tí Wọ́n Kọ̀ Ọ́ Sílẹ̀?

Ohun mẹ́ta ni ó lé e kúrò lójú ọ̀nà. Èkíní, ó wúwo, nítorí pé ẹ́ńjìnnì wà níbẹ̀, jẹnẹrétọ̀ wà níbẹ̀, ẹ̀rọ oníná náà tún wà níbẹ̀. Èkejì, bí a bá sọ agbára ẹ́ńjìnnì di iná, tí a sì tún sọ iná náà di agbára, díẹ̀ a máa ṣòfò ní ìgbà kọ̀ọ̀kan, gẹ́gẹ́ bí omi tí a ń dà láti inú agbè kan sí òmíràn. Ẹ̀kẹta, jíà dára sí i bí ọdún ti ń gorí ọdún, àwọn dírẹ́bà tuntun tí kò da ẹṣin rí sì ti kọ́ ọ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ìyọnu tí ó bí ọkọ̀ náà ti tán, ọkọ̀ náà sì di ohun ìgbàgbé.

Ní ọdún 1933, ìjọba kó gbogbo bọ́ọ̀sì Lọ́ńdọ̀nù sábẹ́ àjọ kan ṣoṣo, ti Tilling náà sì bọ́ sọ́wọ́ àjọ náà. Ní àárín ọdún wọ̀nyẹn ni ẹ́ńjìnnì dísẹ́ẹ̀lì gba ipò. Rudolf Diesel, ọmọ ilẹ̀ Jámánì, ni ó ṣe ẹ́ńjìnnì yìí, tí ó sì ṣiṣẹ́ dáadáa ní ọdún 1897. Epo díẹ̀ ni ó ń jẹ, ó sì lágbára. Àwọn oníṣirò owó yọ̀. Tíráàmù tí ń fi iná mọ̀nàmọ́ná rìn lórí irin kógbá sílé ní oṣù keje ọdún 1952. Bọ́ọ̀sì tí ń gba iná láti ara wáyà òkè náà tẹ̀ lé e ní oṣù karùn-ún ọdún 1962. Bọ́ọ̀sì dísẹ́ẹ̀lì ni ó rọ́pò àwọn méjèèjì.

Ẹ jẹ́ kí a dúró díẹ̀ lórí ọdún 1952 yẹn. Oṣù márùn-ún péré lẹ́yìn tí tíráàmù lọ, láti ọjọ́ karùn-ún títí di ọjọ́ kẹsàn-án oṣù kejìlá, kùrukùru oní-èéfín bo Lọ́ńdọ̀nù tó bẹ́ẹ̀ tí ènìyàn kò fi rí ẹsẹ̀ ara rẹ̀ ní ibòmíràn. Ìṣirò àkọ́kọ́ ni pé nǹkan bí 4,000 ènìyàn ni ó bá a lọ. Ìwádìí tí wọ́n ṣe lẹ́yìn náà sọ pé ó ṣeé ṣe kí ó tó 12,000. Èéfín èédú tí wọ́n ń dá nínú ilé àti ní ilé-iṣẹ́ ni ó fa èyí tí ó pọ̀ jù nínú rẹ̀, kì í ṣe bọ́ọ̀sì. Ní ọdún 1956, ìjọba ṣe òfin afẹ́fẹ́ mímọ́. Ṣùgbọ́n èéfín tí ń gba orí òrùlé jáde ni òfin náà dojú kọ. Èyí tí ń jáde nídìí ọkọ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ imú ọmọdé tí ó dúró ní ibùdókọ̀, kò sí ẹni tí ó kà á sí nígbà náà.

Ohun Tí Wọn Kò Kà

Àwọn àgbà ní ohun tí ó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Ní oṣù kẹfà ọdún 2012, ẹ̀ka àjọ ìlera àgbáyé tí ń ṣe ìwádìí lórí àrùn jẹjẹrẹ kéde pé èéfín dísẹ́ẹ̀lì wà lára àwọn ohun tí ó dájú pé wọ́n ń fa àrùn náà fún ènìyàn. Ní oṣù kejì ọdún 2013, ọmọbìnrin ọlọ́dún mẹ́sàn-án kan tí ilé wọn wà nítòsí títì ńlá ní Lewisham, àdúgbò tí kò jìnnà sí Peckham, kú nítorí ikọ́ fée, èyí tí àwọn dókítà ń pè ní ásímà. Ìyá rẹ̀ kò jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà sùn. Ní oṣù kejìlá ọdún 2020, adájọ́ tí ń wádìí ikú kéde pé afẹ́fẹ́ àìmọ́ láti ara ọkọ̀ wà lára ohun tí ó pa ọmọ náà. Òun ni ẹni àkọ́kọ́ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n kọ irú rẹ̀ sínú ìwé ikú rẹ̀.

Ẹ̀yin òbí, ẹ wo bí ọ̀rọ̀ ti rí. Nígbà tí wọ́n ń ṣírò owó epo, ìṣirò wọn tọ̀nà. Dísẹ́ẹ̀lì ni kò wọ́n. Ṣùgbọ́n èémí ọmọ yẹn kò sí nínú ìwé ìṣirò.

Bí Ó Ṣe Padà Wá

Nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí ka èéfín mọ́ iye owó ọkọ̀, wọ́n rántí ọ̀nà àtijọ́, bátìrì tí ó dára àti kọ̀ǹpútà tí ó lè darí agbára méjì sì ti wà nílẹ̀. Amẹ́ríkà ni ó kọ́kọ́ gbìyànjú rẹ̀ dáadáa. Ìlú New York fi díẹ̀ dán an wò ní ọdún 1998. Ní ọdún 2004, ìlú Seattle ra èyí tí ó lé ní 200, nítorí pé bọ́ọ̀sì wọn ń gba ihò kan kọjá lábẹ́ àárín ìlú, wọn kò sì fẹ́ kí èéfín kún inú ihò náà mọ́ àwọn èrò.

Lọ́ńdọ̀nù tẹ̀ lé wọn ní ọdún 2006. Bọ́ọ̀sì mẹ́fà péré ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀, ní ojú ọ̀nà 360, tí ó ń gbéra láti Elephant and Castle. Ẹ rántí Walworth tí Tilling ti ra ẹṣin rẹ̀ àkọ́kọ́. Ibẹ̀ kò ju ìrìn ẹsẹ̀ lọ sí ibùdókọ̀ yẹn. Ní ọdún 2007, onípẹ̀tẹ́ẹ̀sì àkọ́kọ́ jáde ní ojú ọ̀nà 141. Ní oṣù kejì ọdún 2012, èyí tí wọ́n dìídì yà àwòrán rẹ̀ fún Lọ́ńdọ̀nù bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ojú ọ̀nà 38. Thomas Heatherwick àti àwọn ènìyàn rẹ̀ ni wọ́n ya àwòrán rẹ̀, ilé-iṣẹ́ Wrightbus ní Ballymena, ní ìhà àríwá Ireland, ni ó sì kàn án. Nígbà tí wọ́n fi parí ní ọdún 2017, ó ti pé 1,000.

Kí ni bátìrì fi kún iṣẹ́ bàbá ńlá rẹ̀? Bíréèkì ni ìdáhùn. Bí dírẹ́bà bọ́ọ̀sì lásán bá tẹ bíréèkì, gbogbo agbára tí epo ti fi gbé ọkọ̀ sáré a di ooru lára irin bíréèkì, ooru náà a sì bá afẹ́fẹ́ lọ. Bí ó bá gbéra, a tún sun epo tuntun. Bọ́ọ̀sì ìgboro sì ń dúró ní gbogbo ibùdókọ̀, ó ń dúró níbi iná tí ń darí ọkọ̀, ó ń dúró nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ. Nínú bọ́ọ̀sì alágbára méjì, bí dírẹ́bà bá tẹ bíréèkì, ẹ̀rọ oníná tí ń yí táyà a yí ìwà padà, táyà ni yóò wá máa yí i. Ó di jẹnẹrétọ̀, ó ń fa ọkọ̀ sẹ́yìn, iná tí ó bá sì mú wá ń lọ sínú bátìrì. Nígbà tí ọkọ̀ bá fẹ́ gbéra, agbára tí ì bá ṣòfò yẹn ni yóò kọ́kọ́ lò. Ó dà bí ìyàwó ilé tí ó gbé agbada sábẹ́ ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀ nígbà tí òjò ń rọ̀. Ẹni tí ó bá kọ́ àlùwàlá lọ́dọ̀ wa mọ̀ pé a kì í ta omi nù lásán, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé etí odò ni a wà; irú ọgbọ́n bẹ́ẹ̀ ni ó wà nínú bíréèkì yìí.

Àwọn aláṣẹ ọkọ̀ Lọ́ńdọ̀nù sọ pé èéfín kábọ́nù tí ń jáde lára rẹ̀ fi nǹkan bí ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún dín sí ti bọ́ọ̀sì dísẹ́ẹ̀lì lásán.

Àbùkù Rẹ̀

A kò ní sọ adùn kí a fi ìkorò pamọ́. Ọkọ̀ náà wọ́n ju bọ́ọ̀sì lásán lọ. Nígbà tí ó fi di ọdún 2015, bátìrì ti dá iṣẹ́ sílẹ̀ lára ọ̀pọ̀ nínú àwọn bọ́ọ̀sì tuntun ọdún 2012 wọ̀nyẹn, tó bẹ́ẹ̀ tí dísẹ́ẹ̀lì nìkan fi ń gbé wọn kiri. Ó di dandan kí wọ́n pààrọ̀ bátìrì wọn. Ooru tún ń mú àwọn èrò lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì nítorí pé fèrèsé rẹ̀ kò ṣeé ṣí, àfi ìgbà tí wọ́n fi fèrèsé tí ó ṣeé ṣí sí i. Ọgbọ́n ńlá kò sọ pé kí a má bojú tó ohun kékeré. Bí bátìrì bá kú, bọ́ọ̀sì alágbára méjì ti di alágbára kan, ó sì tún ń ru ẹrù bátìrì òkú kiri.

Láti ọjọ́ kẹjọ oṣù kẹrin ọdún 2019 ni Lọ́ńdọ̀nù ti ń gba owó lọ́wọ́ ọkọ̀ tí èéfín rẹ̀ bá pọ̀ jù láti wọ àárín ìlú. Láti ọdún 2021 sì ni àwọn aláṣẹ ọkọ̀ ti sọ pé bọ́ọ̀sì tuntun tí àwọn yóò máa gbà kò gbọdọ̀ tú èéfín jáde rárá. Nípa bẹ́ẹ̀, bọ́ọ̀sì alágbára méjì tí ó padà wá yìí, afárá ni ó jẹ́: ó gbé wọn kúrò lọ́dọ̀ dísẹ́ẹ̀lì, ó ń sìn wọ́n lọ sọ́dọ̀ iná mọ̀nàmọ́ná nìkan. Ó tún ku díẹ̀ kí ó fi ọ̀nà sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì.

Ẹ̀kọ́ Wa Níbẹ̀

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ kíyè sí i pé ọgbọ́n kan náà ni gbogbo rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ohun tí àwọn ènìyàn ń kà ni ó ń yí padà. Ní ọdún 1911, wọ́n ka ìrọ̀rùn dírẹ́bà sí, ọkọ̀ náà sì wúlò. Lẹ́yìn náà, iye owó epo nìkan ni wọ́n kà, wọ́n sì kọ̀ ọ́ sílẹ̀. Nígbà tí wọ́n wá ka èémí ọmọ mọ́ ọn, wọ́n padà lọ wá a. Nítorí náà, bí ẹ bá di ẹlẹ́rọ, tàbí oníṣirò owó, tàbí aláṣẹ ìlú lọ́la, bí wọ́n bá gbé ìwé ìnáwó wá síwájú yín, ẹ béèrè ẹni tí kò sí orúkọ rẹ̀ nínú rẹ̀.

Ọmọkùnrin tí ó sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ náà dákẹ́ títí a fi sọ ìtàn yìí tán. Ó wá béèrè pé: "Àáfà, àwọn dírẹ́bà ẹṣin yẹn ńkọ́, ṣé wọ́n kọ́ ọ wà lóòótọ́?" A ní bẹ́ẹ̀ ni, wọ́n kọ́ ọ. Inú rẹ̀ dùn sí ìyẹn ju ọ̀rọ̀ bátìrì lọ, inú tiwa náà sì dùn pé ohun tí ó mú nìyẹn.

Kí Ọlọ́hun fún wa ní ìmọ̀ tí yóò ṣe ọmọnìkejì wa láǹfààní. Àmín.